Ìrẹsì dúdú àwọn ará Háítì: báwo ni kí n ṣe lo olú lílọ̀ yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ oúnjẹ sè. Brooklyn ni mò ń gbé, ní Flatbush níbi tí àwọn ará Háítì pọ̀ sí. Aládùúgbò mi kan bu ìrẹsì dúdú wọn, diri djon djon, fún mi lọ́jọ́ Kérésì. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà ọ̀fun mi ti ń dá tòlótòló.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Wọ́n á rẹ djon djon, ìyẹn olú dúdú gbígbẹ wọn, sínú omi gbígbóná, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á da olú nù. Omi dúdú yẹn ni wọ́n fi ń se ìrẹsì, pẹ̀lú áyù, ewé táìmù, kànáfùrù, gíríìnì písì àti odindi ata rodo kan. Ata náà ò gbọdọ̀ bẹ́ sínú ìkòkò o!

Èmi ò rí odindi olú rà, lílọ̀ ni mo rí. Mo da ṣíbí mẹ́ta sórí ife ìrẹsì méjì tààrà. Ó dúdú lóòótọ́, àmọ́ ó ń ṣe bí iyanrìn lẹ́nu, ó sì korò díẹ̀. Ọkọ mi ń fi omi lé e lọ́fun, kò sọ nǹkan kan.

Ṣé kí n kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi gbígbóná, kí n wá fi aṣọ sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì ni? Ṣíbí mélòó ló tó? Ẹnì kan ní kí n kúkú lọ ra magí olú náà. Magí kọ́ ni mò ń wá, ẹ jọ̀ọ́.