Báwo ni mo ṣe lè so àpò ALICE mọ́ ẹ̀wù ọlọ́já PALS kó má máa mì?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ohun ìdìrù ológun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àpò ìgò omi ALICE, ìyẹn ohun ìdìrù àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà láti 1973, ni mo fẹ́ so mọ́ ẹ̀wù tó ní ọ̀já PALS, ìyẹn àwọn ọ̀já tí wọ́n rán ní ìlà-ìlà sára ẹ̀wù kí èèyàn lè so àpò mọ́ ọn, irú tó bá MOLLE, ohun ìdìrù tó rọ́pò ALICE, dé. Bẹ́líìtì ínṣì 2¼ ni wọ́n ṣe irin ìdè méjì ẹ̀yìn àpò náà fún. Ọ̀já PALS fẹ̀ ní ínṣì 1, àlàfo ínṣì 1 ló wà láàárín wọn, wọ́n sì rán an mọ́lẹ̀ ní ínṣì 1½ síra. Tí irin bá gba ọ̀já kan ṣoṣo, àyè á ṣẹ́ kù, àpò á máa jù síwá sẹ́yìn, pàápàá tí omi bá kún ìgò (ó tó kílò kan). Ọ̀já méjì kò sì ṣeé kì bọ̀ ọ́: pẹ̀lú àlàfo, ínṣì 3 ni.

Ṣé kí n fi ọ̀já nylon dí àyè náà ni, àbí kí n yọ irin kúrò, kí n fi okùn pẹlẹbẹ hun ojú ìdè àpò mọ́ PALS? Okùn oníke tí wọ́n ń fà pọ̀ kò wù mí. Òtútù máa ń mú un já. Mi ò sì fẹ́ gún àpò náà lábẹ́rẹ́ rárá. Èwo ló ń dúró tí èèyàn bá ń sáré?