Lẹ́ǹsì macro wo ni kí n rà? Ojú ìyàwó ni mò ń yà, mo sì tún ń ya ìlẹ̀kẹ̀ àti àdìrẹ

Ìyá_Fọ́tò_ÒkèFìà

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kékeré kan ní Òkè-Fìà níbí ní Òṣogbo, ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú, 12 lóòró. Canon 700D ni kámẹ́rà mi, mo ní 18-55 tó bá a wá, mo ní 55-250, mo sì ní 50mm f/1.8 STM tí mo fi ń ya ojú èèyàn. Tẹ́lẹ̀ iṣẹ́ mi ò ju pásípọ́ọ̀tù, ìkómọ àti ìgbéyàwó lọ, ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan báyìí àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ àti àwọn aládìrẹ ti ń wá bá mi pé kí n bá àwọn ya ọjà tí wọ́n fẹ́ gbé sórí Instagram àti WhatsApp.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyá kan gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ibi tí ìyẹ́ adìẹ ti fa ẹ̀kọ hàn kedere, kí oníbàárà rí i pé ọwọ́ ni wọ́n fi yà á, kì í ṣe ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Mo sún mọ́ aṣọ náà, lẹ́ǹsì kọ̀, kò mú fókọ́ọ̀sì, mo sún sẹ́yìn ó mú un ṣùgbọ́n aṣọ púpọ̀ ló hàn, mo bá gé fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà, nígbà tí mo gé e tán ó ti rí ṣákálá, ojú ìlà ò mọ́. Ó dùn mí gan-an torí iṣẹ́ ọwọ́ ìyá yẹn dáa ju fọ́tò tí mo fún wọn lọ.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò lè ra ju lẹ́ǹsì macro kan lọ (èyí tó lè sún mọ́ nǹkan kéékèèké yà), tòkunbọ̀ náà ni. Àwọn kan ní kí n ra Canon 100mm f/2.8 Macro, àwọn kan ní Tamron 90mm, ẹlòmíì ní EF-S 60mm f/2.8 Macro. Mo fẹ́ èyí tí mo máa fi ya ìlẹ̀kẹ̀ láàárọ̀ tí mo tún máa fi ya ìyàwó lọ́sàn-án. Mo sì tún gbọ́ pé lẹ́ǹsì macro máa ń fi gbogbo irorẹ́ ojú èèyàn hàn, ṣé òótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọ̀gá_Olójú_Kan

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Kí ẹ tó wo orúkọ lẹ́ǹsì kankan, ẹ mú tépù kí ẹ wọn ṣọ́ọ̀bù yín, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ò pé mítà 4. Sẹ́ńsọ̀ 700D kéré sí ojú fíìmù àtijọ́, 1.6 lẹ máa fi sọ iye mm tó wà lára lẹ́ǹsì di púpọ̀ kí ẹ tó mọ bó ṣe máa rí, 100mm á rí bíi 160mm, 60mm á rí bíi 96mm, 96mm yẹn sì ni àwa tí a ti ń ya ojú èèyàn láti ayé fíìmù ń wá kiri.

Mo bá yín ṣírò rẹ̀. Tí ẹ bá gbé 100mm sórí 700D, tí ẹ gbé kámẹ́rà dúró lóòró, tí ẹ fẹ́ kí gèlè dé àyà ìyàwó wọlé, ẹ ó nílò bíi mítà 2.8 láàárín yín. Tí ẹ bá fẹ́ dé ìdí, ó ti di mítà 4 àti ààbọ̀. Ìdúró látòkè délẹ̀ ńkọ́? Mítà 9! Àárín títì lẹ máa dúró sí. Pẹ̀lú 60mm, gèlè dé àyà ò ju mítà 1.7 lọ, dé ìdí jẹ́ bíi 2.75, ìyẹn ṣì wọ inú ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹ̀yin náà á dúró síbì kan, ìyàwó náà ò ní lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ní ti irorẹ́, iná ló ń fi irorẹ́ hàn. Ẹ gbé iná kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ojú èèyàn, tó le, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, gbogbo gegele tó wà lójú ẹni yẹn ló máa ní òjìji tirẹ̀, lẹ́ǹsì yòówù kí ẹ lò. Ẹ ta aṣọ funfun sójú fèrèsé, kí ẹ mú un jókòó sún mọ́ fèrèsé náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Lóòótọ́ lẹ́ǹsì macro máa ń mú nǹkan gan-an, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn kó mú u kí n sì fi iná rọ̀ ọ́, ju kí lẹ́ǹsì ti bà á jẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ mi. Mo ti fi macro ya bàbá àgbà kan tó kọ ilà gọ̀ǹbọ́, etí ilà kọ̀ọ̀kan yọ kedere, irun funfun tó wà ní àgbọ̀n wọn ẹ lè kà á. Àwọn ọmọ wọn ní àwọn ò rí ojú bàbá àwọn báyẹn rí nínú fọ́tò. Ẹni tí ara rẹ̀ dàgbà bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá fi lẹ́ǹsì tí kò mú yà á, ẹ ti pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn.

60mm ni temi.

Igbó_Ọ̀ṣun_Lójoojúmọ́

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n mi ò gbà lórí ìyókù. EF-S 60mm ò ní wọ orí 6D tàbí 5D láéláé, ọjọ́ tí àǹtí bá fẹ́ ra kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi, wọ́n máa ta lẹ́ǹsì yẹn ni. 100mm á bá wọn lọ. Tamron 90mm náà á bá wọn lọ, kò sì lórúkọ burúkú, àwọn tó ti ń lo 90mm Tamron láti ìgbà tó ṣì jẹ́ f/2.5 mọ̀ pé ó dára fún ojú èèyàn.

Ìkejì, nǹkan tí ẹ ò tíì sọ ni àyè tó máa wà láàárín ẹnu lẹ́ǹsì àti nǹkan tí a fẹ́ yà. Iye tí wọ́n kọ sára lẹ́ǹsì pé ó lè sún mọ́ nǹkan dé, láti ibi sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti ẹnu lẹ́ǹsì. 100mm kọ bíi sẹ̀ǹtímítà 31, 60mm kọ 20. Tí ẹ bá sún mọ́ nǹkan dé ìwọ̀n 1:1, tí nǹkan tó gùn ní mílímítà 22 á kún fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, 100mm á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ níwájú rẹ̀, 60mm ò ní fi ju bíi 9 tàbí 10 lọ. Òrùka ò ní sá o, ṣùgbọ́n òjìji lẹ́ǹsì máa bọ́ sórí rẹ̀. Èmi tí mo ń ya lámilámi àti labalábá ní ẹ̀bá odò Ọ̀ṣun, sẹ̀ǹtímítà 5 yẹn ni ó ń jẹ́ kí n rí nǹkan yà, tó o bá sún mọ́ wọn jù wọ́n á fò lọ.

Mo lo 100mm USM àtijọ́ fún ọdún mẹ́ta kí n tó ra ti L tó jáde ní 2009, èyí tó ní IS, ẹ̀rọ tó ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé IS á gbà yín lọ́wọ́ tripod tí ẹ bá sún mọ́ nǹkan pẹ́kípẹ́kí, Canon fúnra wọn sọ pé stop 4 (stop kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì) ló ń gbà lókèèrè, tó bá di 1:1 ó ti di 2. Tí ẹ bá sì ń ya ojú èèyàn, bọ́tìnnì kan wà lára 100mm tó ń sọ fún lẹ́ǹsì pé kó má wá fókọ́ọ̀sì nítòsí rárá, ẹ tẹ̀ ẹ́ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìyàwó á ti rẹ́rìn-ín tán kí lẹ́ǹsì tó lọ tó bọ̀. Ti 60mm ò ní bọ́tìnnì yẹn.

Ọmọ_Aró

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Aládìrẹ ni mí, mi ò kí ń ṣe oní-fọ́tò, ṣùgbọ́n ọjà mi fúnra mi ni mò ń yà. Nikon D5300 ni tèmi pẹ̀lú 40mm f/2.8 (ẹ má ṣìnà tí ẹ bá ń wá ti Nikon, Micro ni wọ́n ń kọ sára tiwọn, kì í ṣe Macro, bẹ́ẹ̀ ìkan náà ni). Ẹni tó bá ń lo ìran D3000 tàbí ìran D5000 bíi tèmi kó ṣọ́ra, kámẹ́rà yẹn ò ní ẹ̀rọ tó ń yí fókọ́ọ̀sì nínú, lẹ́ǹsì AF-D àtijọ́ á wọ̀ ọ́ àmọ́ ọwọ́ lẹ máa fi yí i.

Àǹtí, ìdí tí mo fi ra macro kọ́ ni torí kí n lè sún mọ́ aṣọ nìkan o. Aṣọ pẹlẹbẹ ni. Lẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe fún ojú èèyàn, tí àárín bá mọ́, igun á máa ṣú, ṣùgbọ́n macro, wọ́n ṣe é kí àárín àti igun nǹkan pẹlẹbẹ mọ́ pọ̀. Ẹ ta aṣọ sára ògiri kó tẹ́jú, kí kámẹ́rà kọjú sí i gán-án-rán, tó bá fi díẹ̀ tẹ̀ síbì kan apá kan á lọ.

Iná tí ẹ̀gbọ́n ní ẹ má lò fún ojú ìyàwó, òun gan-an ni kí ẹ lò fún aṣọ! Iná láti ẹ̀gbẹ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sára aṣọ, òwú kọ̀ọ̀kan á dìde, ibi tí ẹ̀kọ ti sán tí aró gba ibẹ̀ wọlé á yọ bí iṣan. Ibi tí aró ti gba inú ẹ̀kọ wọlé yẹn ni àwọn tó mọ àdìrẹ ń wò. Ti ẹ̀rọ ò ní i, tó bá sì ní i, bákan náà ló máa rí ní gbogbo ibi. Tí wọ́n bá ti lu aṣọ náà tó ń dán, ẹ yí iná sí apá kejì títí dídán yẹn á fi kúrò lójú lẹ́ǹsì. Ẹ sì yọ bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ nínú fọ́tò àkọ́kọ́, òun lẹ máa fi tún àwọ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà, torí aró dúdú tó bá di búlúù nínú fọ́tò, ẹni tó rà á máa dá a padà fún ìyá yẹn ni. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Fún aṣọ, ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ nílò 1:1 rárá. Ìdajì rẹ̀ ti tó.

Bọ̀dá_Tẹ́sítìńgì

Tó bá jẹ́ pé ìdajì ló tó, kí ló dé tí àǹtí ò kọ́kọ́ ra extension tube? Òrùka òfìfo ni, kò ní gíláàsì nínú, àárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì lẹ máa kì í bọ̀. 50mm tí ẹ ní yẹn, tí ẹ bá fi tube mílímítà 25 sí i, ìdajì ni ẹ ti rí yẹn, ká má tíì ka èyí tí lẹ́ǹsì ń ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ ra èyí tó ní irin kékeré tó ń gbé iná mànàmáná láti kámẹ́rà dé lẹ́ǹsì, èyí tí kò ní i pọ̀ dáadáa lọ́jà ó sì pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì Canon ò lè pa ojú rẹ̀ dé láìsí iná yẹn, f/1.8, tí ojú lẹ́ǹsì ṣí gbayawu, lẹ máa wà títí.

Wàhálà rẹ̀ ni pé tó bá ti wà níbẹ̀ ẹ ò lè ya nǹkan tó jìnnà mọ́, ẹ ó máa yọ ọ́ ẹ ó máa kì í, eruku á sì wọ sẹ́ńsọ̀. Ẹni tó ní ọjà ìlẹ̀kẹ̀ ogún láti yà láàárọ̀ kan, ó máa sú u.

Ìyá_Fọ́tò_ÒkèFìà

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á máa gbọ́ tiyín náà. Mo ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n Olójú Kan sọ ṣùgbọ́n tépù kọ́ ni mo lò, mo mú 55-250 mi, mo yí i sí 100, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi wé gèlè kó jókòó síwájú ògiri. Ẹ̀yìn mi ti kan ilẹ̀kùn kí gèlè tó wọlé tán, àyà ò sì tíì pé. Mo yí i sí 60, mo dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó wọlé, mo tún sún sẹ́yìn, ó dé ìdí. Mo wá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mo tún yí i sí 100, ẹ̀yin tí ẹ ní 100mm ẹ ò purọ́ o, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́lẹ́ ó rẹwà, ojú èèyàn ò fẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́jọ nínú àwọn mẹ́wàá tó ń wá sọ́dọ̀ mi, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń yà wọ́n. Mi ò sì tíì rí owó 6D lójú àlá.

60mm ni mo máa rà. Ẹnì kan ní Ìbàdàn ti ní òun ní ọ̀kan, Sátidé ni mo fẹ́ lọ wò ó. Kí ni kí n yẹ̀ wò? Nítorí mo ti ra lẹ́ǹsì kan rí tó jẹ́ pé oṣù kejì ni mo tó rí nǹkan bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀.

Ọ̀gá_Olójú_Kan

Fọ́ńgọ́ọ̀sì nìyẹn, àǹtí, ó ti bu nínú. Ìgbà òjò wa ló ń fà á. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ má lo ti fóònù tó bá ṣeé ṣe. Ẹ ṣí ìdérí iwájú àti tẹ̀yìn, ẹ tan iná láti ẹ̀yìn kí ẹ máa wò ó láti iwájú, kó fi díẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Eruku mélòó kan ò ní ṣe nǹkan kan. Òwú tàbí ìkuukùu ni kí ẹ sá fún, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ẹ gbé 700D yín lọ. Ẹ yà á ní f/2.8, ẹ yà á ní f/16, tó bá mú Error wá ní f/16, ojú rẹ̀ ti há nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó wá fókọ́ọ̀sì láti ìtòsí dé òkèèrè, kẹ́ ẹ máa fetí sí i, kò gbọdọ̀ ha. Ẹ tẹ́ owó náírà kan sórí tábìlì kí ẹ yà á nítòsí, kí ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá wọ́n mọ́ bákan náà, tí igun kan ò bá mọ́ tàbí tí apá kan ṣú, lẹ́ǹsì yẹn ti jábọ́ rí.

Tí ẹ bá dé ilé, inú ike tó ní ìdérí ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, tó máa ń wà nínú páálí bàtà, ẹ má kó o sínú báàgì aláwọ ní ìgbà òjò.

Igbó_Ọ̀ṣun_Lójoojúmọ́

Ẹ fi kún un, àǹtí: tí ẹ bá ń ya ìlẹ̀kẹ̀ ní 1:1, f/11 pàápàá, ibi tó máa mọ́ ò pé mílímítà kan. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí tripod, ẹ pa fáànù, ẹ yà á ní ìgbà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ẹ máa yí fókọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀ láti iwájú ìlẹ̀kẹ̀ dé ẹ̀yìn, Photoshop á bá yín pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹ má sáré lọ sí f/32 pé kí gbogbo rẹ̀ lè mọ́, á kàn tún rí ṣákálá bíi ti ọjọ́sí ni.

Ìyá_Fọ́tò_ÒkèFìà

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì ti wà nínú báàgì. Mo ti pe ìyá aládìrẹ yẹn náà, mo ní kí wọ́n má tíì ta aṣọ ọjọ́sí, kí wọ́n gbé e padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí n tún un yà lọ́fẹ̀ẹ́.