Kán-ún kọ́ ni pòtásíọ̀mù: èsì mi lórí “àkán-ún”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti ń ka ohun tí a ń kọ lórí orúkọ tí ó yẹ kí á fún pòtásíọ̀mù ní èdè Yorùbá, n kò sì fẹ́ dá sí i, nítorí pé àwọn tí wọ́n jù mí lọ ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò wa tí ó dá “àkán-ún” sílẹ̀ láti ara kán-ún gẹ́gẹ́ bí orúkọ pòtásíọ̀mù kọ ọ́ ní àná pé ẹjọ́ ti parí, pé kí á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, mo rí i pé bí mo bá dákẹ́, tara mi yóò bá mi dákẹ́. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé tí àbúrò wa sì wò kì í ṣe ilé tí wọ́n bí ọmọ yìí sí.

Ohun mẹ́ta ni ó gbé orúkọ náà lé. Ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe “kán” wà nínú kán-ún, nítorí pé ńṣe ni à ń kán an lára òkúta, àti pé nítorí náà àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “à-” lè lẹ̀ mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ó ṣe lẹ̀ mọ́ “lọ” nínú àlọ. Ó ní àwọn ìwé atúmọ̀ èdè túmọ̀ kán-ún sí “potash”, ìyẹn nǹkan bí iyọ̀ tí à ń rí láti inú eérú, ọmọ “potash” sì ni pòtásíọ̀mù. Ó wá fi tayọ̀tayọ̀ sọ pé lẹ́tà K tí gbogbo ayé fi ń ṣe àmì ẹ́límẹ́ǹtì yìí, kán-ún ni ó dúró fún.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí “à-” bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti dùn mí jù. Àfòmọ́ yìí kì í lẹ̀ mọ́ ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí àpólà-ìṣe. Àlọ, àbọ̀, àlàyé, àkọsílẹ̀, àṣejù: ẹ tú wọn wò, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ẹ óò bá nídìí gbogbo wọn. Bí “kán” bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nínú kán-ún, kí wá ni “ún”? Ọ̀rọ̀ mìíràn wo ni “ún” ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí? Àbúrò wa kò dárúkọ ẹyọ kan fún wa. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àyálò ni kán-ún, ìbátan kanwa àwọn Haúsá ni, a kì í sì í tú ọ̀rọ̀ àyálò sí wẹ́wẹ́ kí á máa wá ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kiri inú rẹ̀. Bí a bá gba èyí, ẹlòmíràn yóò dìde lọ́la pé “bá” ni ó wà nínú báàgì, a kò sì ní rí èsì fọ̀ fún un. Olùkọ́ tí ó kọ́ mi ní gírámà, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń fi tádàwà pupa fa ìlà sí abẹ́ àfòmọ́ tí a bá ṣì lò. Wọn kì í kọ ohunkóhun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà náà ti tó. Mo rí ìlà pupa yẹn lábẹ́ “àkán-ún”.

Ní ti K, ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Kalium ni àwọn ará Jámánì ń pe pòtásíọ̀mù títí di òní, láti ara rẹ̀ ni K ti jáde. Inú èdè Lárúbáwá ni kalium sì ti wá, láti ara al-qalyah, tí í ṣe eérú ewéko tí a jó. Ó yẹ kí á gbọ́ bí ó ṣe débẹ̀, nítorí pé ìjà orúkọ ni, bíi tiwa yìí gan-an. Kí ó tó di 1797, àwọn onímọ̀ a máa pe “potash” ní álíkálì ewéko, nítorí pé inú eérú igi àti koríko nìkan ni wọ́n mọ̀ pé ó wà. Ní ọdún náà ni Martin Heinrich Klaproth, ará Jámánì, rí i nínú òkúta leucite, ó sì sọ pé orúkọ àtijọ́ kò bá a mu mọ́, nítorí pé ohun tí ó wà nínú òkúta kò ṣeé pè ní ti ewéko. Ó ní kí á máa pè é ní kali. Ẹ wá wò ó: ọkùnrin yìí sá fún ewéko, inú eérú náà ni ó tún bọ́ sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà kò kúrò níbẹ̀, nítorí pé “pot” ni ìkòkò, “ash” sì ni eérú: a ó da omi sórí eérú igi, a ó sẹ́ omi náà, a ó sì sè é nínú ìkòkò irin títí yóò fi gbẹ, tí nǹkan funfun yóò kù sí ìsàlẹ̀. Láti ara “potash” yìí ni Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Gẹ̀ẹ́sì, ti fa “potassium” yọ. Ojú ọ̀nà yòówù kí á gbà, eérú ni à ń bá níbẹ̀.

Èyí tí ó wúwo jù wá ni ti kán-ún fúnra rẹ̀. Màmá wa tí wọ́n kọ̀wé ní ìjẹta sọ pé ìwé atúmọ̀ èdè kò lè ṣì í, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ó pọ̀ jù nínú kán-ún, kábọ́néètì sódíọ̀mù àti báíkábọ́néètì rẹ̀ ni. Ti sódíọ̀mù, ẹ́límẹ́ǹtì inú iyọ̀ ọbẹ̀, ni kán-ún, kì í ṣe ti pòtásíọ̀mù. N kò dá àwọn tí ó kọ ìwé atúmọ̀ lẹ́bi, nítorí pé àṣìṣe tí gbogbo ayé ṣe fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n jogún. Eérú ewéko tí ó hù létí òkun, sódíọ̀mù ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Eérú igi tí ó hù jìnnà sí òkun, pòtásíọ̀mù ni. Méjèèjì a máa fọ nǹkan, méjèèjì a máa yọ́ yanrìn di gíláàsì, orúkọ kan náà ni ayé sì ń pè wọ́n. Ní 1736 ni Duhamel du Monceau, ará Faransé, tó fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Andreas Marggraf, ará Jámánì, lo àwọ̀ iná láti dá wọn mọ̀. Bí sódíọ̀mù bá wọ inú iná, iná náà yóò pọ́n bí èso ìyeyè. Bí ó bá jẹ́ pòtásíọ̀mù, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí elésè àlùkò. Ẹ̀rí iná nìyí, kì í ṣe ẹ̀rí ẹnu. Ẹni tí ó bá wù láti fún kán-ún ní oyè, kí ó gbé e fún sódíọ̀mù, kí á jókòó ṣe àríyànjiyàn ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tí èmi fara mọ́ ni “irin-eérú”, èyí tí ọ̀kan nínú wa ti mẹ́nu kàn ní ọjọ́ kìíní tí ẹnikẹ́ni kò sì kà á sí. Bàbá wa, olùkọ́ fẹ̀yìntì, ti takò ó ṣáájú pé irin ni irin, pé ohun tí ọ̀bẹ lè gé tí ó sì léfòó lórí omi kò lè jẹ́ irin, pé “mẹ́táàlì” ni kí á lò. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì mọ ohun tí bàbá ń sọ. Inú epo kẹrosíìnì ni à ń tọ́jú pòtásíọ̀mù sí. Bí mo bá yọ ọ́ jáde tí mo fi ọ̀bẹ gé e, yóò gé bí ẹni gé ọṣẹ, ojú ibi tí mo gé yóò sì máa dán bíi fàdákà. Kí àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn tó dé iwájú láti wò ó, ó ti ṣú. Bí mo bá ju èyí tí kò tó hóró ẹ̀wà sínú omi, yóò máa sáré kiri orí omi, iná yóò sì máa jó lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ elésè àlùkò yẹn. Gíráàmù 0.86 péré ni ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà oníhà-mẹ́ta kan rẹ̀, omi sì jẹ́ gíráàmù 1. Kò tilẹ̀ dúró de kí omi hó kí ó tó yọ́, nítorí pé nǹkan bí 63.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti tó o.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí bàbá béèrè yìí, Davy fúnra rẹ̀ ti béèrè rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá 1807 ni ó fi iná mànàmáná ya “potash” tí ó ní ọ̀rinrin díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú yàrá ìwádìí Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn hóró kéékèèké tí ó ń dán bí mákúrì yọ jáde, òmíràn bẹ́, ó sì gbiná. Edmund Davy, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tí ó ń ràn án lọ́wọ́, sọ pé ayọ̀ mú un débi pé ńṣe ni ó ń fò káàkiri inú yàrá. Nígbà tí ó wá jábọ̀ níwájú àwọn onímọ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó gbé ìbéèrè kalẹ̀ bóyá ó tọ́ kí á pe ohun tí ó fúyẹ́ tó báyìí ní mẹ́táàlì. Ó ní ọ̀pọ̀ àwọn tí òun bi ni ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ó ń dán, ó ń gba iná mànàmáná àti ooru kọjá, ó sì ń dà pọ̀ mọ́ àwọn ìyókù bí mẹ́táàlì ṣe ń ṣe. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì bá lè na ọ̀rọ̀ rẹ̀ débẹ̀ ní 1807, kí ló dé tí tiwa kò fi lè nà? Ṣé a kò ti na irin tẹ́lẹ̀? Irinṣẹ́ ni a ń pe kálámù akọ̀wé, a sì ń pe okùn tí bíríkìlà fi ń wọn ilé ní irinṣẹ́, kò sì sí irin lára okùn. Bí bàbá bá ṣì takú sí mẹ́táàlì-eérú, mo gbà fún ipò wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà fún ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹlòmíràn mú “amọ́kànlù” wá, nítorí pé pòtásíọ̀mù ń ṣiṣẹ́ nínú lílù ọkàn. Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà péye, a- àti mú àti ọkàn àti lù, n kò rí ìlà pupa kankan níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò dúró. Òótọ́ ni pé inú sẹ́ẹ̀lì ni èyí tí ó pọ̀ jù lára pòtásíọ̀mù ara wa ń gbé, àti pé ohun tí Jens Skou, onímọ̀ ará Denmark, ṣàlàyé ní 1957, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1997, ni ohun tí ó wà lára sẹ́ẹ̀lì tí ó ń ti sódíọ̀mù síta tí ó sì ń fa pòtásíọ̀mù wọlé láìsinmi. Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù àti kálísíọ̀mù náà wà nídìí lílù ọkàn, bí pòtásíọ̀mù bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ńṣe ni ó ń dá ọkàn dúró. A ò lè sọ ohun tí ó lè dá ọkàn dúró ní amọ́kànlù.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ní ẹ̀gàn ni eérú, ohun tí à ń kó dànù ni, kò yẹ kí á fi sọ ẹ́límẹ́ǹtì lórúkọ. Mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé ìwé ẹ̀tọ́ ìmọ̀ (“patent”) àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún ẹnikẹ́ni, ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 1790, tí George Washington fọwọ́ sí, eérú ni ó dá lé: Samuel Hopkins ni ó gbà á, fún ọ̀nà tí ó rí láti tún eérú jó kí ó lè mú “potash” tí ó pọ̀ sí i jáde. Ní Stassfurt ní Jámánì, àwọn tí ó ń wa iyọ̀ pàdé iyọ̀ kíkorò lórí iyọ̀ tí wọ́n ń wá, wọ́n sì sọ ọ́ ní iyọ̀ tí à ń kó kúrò lọ́nà. Pòtásíọ̀mù ni ó kún inú rẹ̀. Ní 1861 ni Adolph Frank dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láti sọ ọ́ di ajílẹ̀, lẹ́yìn tí Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì, ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ pé ilẹ̀ tí à ń kórè lórí rẹ̀ lọ́dọọdún ń pàdánù rẹ̀. Lónìí, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, Kánádà sì ni ó ń wà jù, síbẹ̀ “potash” ni àwọn oníṣòwò ajílẹ̀ ṣì ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni kò sí eérú kankan nínú àpò náà. Orúkọ eérú kò kúrò lára rẹ̀ láti ìgbà ìkòkò títí di ìgbà ẹ̀rọ.

Àwọn àgbà wa kò sì fojú kéré eérú. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá rántí òwe yìí ni ó máa ń yà mí lẹ́nu pé eérú àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n so pọ̀, nítorí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ dárúkọ bí a bá ní ibo ni pòtásíọ̀mù wà, nǹkan bí mílígíráàmù 360 nínú gíráàmù 100 rẹ̀. N kò sọ pé wọ́n mọ̀. Mo sọ pé òwe náà dùn mọ́ mi nínú ju ti K lọ, n kò sì ní láti purọ́ kí n tó fi yangàn.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹni mẹ́ta ni ó ti kọ “èérú” nínú ìjíròrò yìí, ẹnì kan sì kọ “èrú”. Ohùn àárín ni ó bẹ̀rẹ̀ eérú, ohùn òkè méjì sì tẹ̀ lé e. Èérí ni ó fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èrú sì ni ìwà ẹni tí ń rẹ́ni jẹ. Nítorí ìdí kan náà ni mo fi rọ̀ yín kí ẹ fi àmì ìsopọ̀ sí àárín irin-eérú, kí ẹ má jẹ́ kí àrànmọ́, ìyẹn kí ìró kan sọ èkejì di irú ara rẹ̀, gbé e lọ, nítorí pé bí a bá sáré pè é, “ire eérú” ni etí yóò gbọ́. Bí arábìnrin wa tí ó mọ ohùn jù wá lọ bá ní àmì ìsopọ̀ kò pọn dandan, mo ń retí àlàyé wọn.