Níbo ni wọ́n ti ń fi oúnjẹ gidi tọ́ wáìnì wò ní Cape Town? Ibi tí èrò kò pọ̀ ni mo ń wá o

Ìyá Alásun (Alágbàká, Àkúrẹ́):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ìyàwó ní Cape Town nínú oṣù kejì, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi sì ń lọ. Bí ìnáwó bá parí, a ó fi ọjọ́ díẹ̀ kún un kí a tó padà sílé.

Oúnjẹ ni mo ń sè tà. Bí ẹ bá ń kọjá ní Alágbàká nírọ̀lẹ́ Ẹtì, tí èéfín ewúrẹ́ àti ata rodo bá mú yín sín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tèmi. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ òde ayẹyẹ fún mi ti ń béèrè irú wáìnì tí wọn yóò gbé ti asun. “Ẹ ra èyí tó dùn” ni mo máa ń sọ, n ó sì yára béèrè iye àlejò tí wọ́n pè.

Ibi tí mo fẹ́ rèé: kí a má ju ẹni mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó tì wá, kó máa bu ú díẹ̀díẹ̀, kó sì máa sọ ìdí tí eléyìí fi bá ẹran mu tí ìyẹn fi bá ẹja mu. Kí oúnjẹ tó ń yóni wà níbẹ̀. N kò wá bọ́ọ̀sì tó ń kó ogójì èèyàn kiri, tí wọn yóò máa pariwo pé àkókò ti tó, ẹ wọlé.

Nǹkan kan ṣì wà níbẹ̀. Díákónì ni bàbá wa, kì í fẹnu kan ọtí. Ó ní òun á tẹ̀ lé mi, ṣùgbọ́n òun ò ní jókòó lásán kí òun máa wo ẹnu àwọn ẹlòmíràn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Òkè Ìdànrè:

Ẹ kú ìmúra, mà. Mo ṣiṣẹ́ rí nínú ilé ìdáná kan ní Stellenbosch, nǹkan bí 50 kìlómítà sí Cape Town. Bí mo ṣe rí i ni màá sọ.

Ibi mẹ́ta ló súnmọ́ yín. Constantia kò jìnnà sí àárín ìlú. Ọgbà Groot Constantia ti wà níbẹ̀ láti 1685, èrò kì í sì í wọ́n níbẹ̀. Stellenbosch ti wà láti 1679, ọgbà àjàrà sì pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹ ó máa rí i ní ọ̀tún, ẹ ó máa rí i ní òsì. Franschhoek ni ti àwọn Faransé tó sá kúrò nílùú wọn nítorí ẹ̀sìn, tí wọ́n dé síbẹ̀ ní 1688. Ọkọ̀ kan wà ní Franschhoek tí wọ́n ń pè ní Wine Tram. Ẹ ó máa sọ̀ kalẹ̀ ní ọgbà kan, ẹ ó tún máa gùn ún lọ sí òmíràn. Ìran rẹ̀ dùn ún wò, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹ ń wá. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé ọgbà kẹta, ahọ́n ti kú.

Mà, orúkọ ọgbà kọ́ ló ń mú kí ìjókòó yìí dára, ẹni tó ń bu ọtí ni. Ní ọgbà ńlá, ọmọ iléèwé tó wá ṣiṣẹ́ ìgbà ìsinmi lè jẹ́ ẹni tí wọ́n máa fún yín, yóò ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ délẹ̀, ó parí. Ní ọgbà kékeré tó jẹ́ ti ẹbí, ẹ lè bá ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọtí náà pàdé. Ẹ kọ íméèlì sí wọn tààrà, ẹ má gba ọwọ́ àwọn aṣètò ìrìn-àjò. Ẹ béèrè ta ló máa bu ú, àti ẹni mélòó ló máa wà nídìí tábìlì. Ẹ wá béèrè bóyá oúnjẹ ń bá ife kọ̀ọ̀kan bọ̀, àbí àwo kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló ń tú àṣírí wọn. Bó bá jẹ́ àwo kan ṣoṣo, ṣíìsì àti ẹran gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní biltong ló máa pọ̀ níbẹ̀, ẹ ó sì jẹ ẹ́ tán kí ife kejì tó dé.

Oṣù kejì tí ẹ mú yìí, ìgbà ìkórè ni. Ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń já àjàrà, ṣùgbọ́n ọwọ́ onílé máa dí gan-an. Ẹ mú àárín ọ̀sẹ̀, kó jẹ́ òwúrọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti ń tilẹ̀kùn ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Ti bàbá kò le. Àwọn ọgbà kan ń bu omi àjàrà tí kò tíì di ọtí fún ọmọdé àti ẹni tí kì í mu, kí ẹ ṣáà ti sọ fún wọn ṣáájú. Ẹ má tíì sọ bàbá di dírẹ́bà o! Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà lójú títì níbẹ̀. Ẹ pe Uber.

Ará Oǹdó:

Ìyá Alásun, ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ dé ọ̀dọ̀ adẹ́mu kan lọ́nà Oǹdó kí ẹ lọ tún ahọ́n yín ṣe. Ẹ jókòó sídìí ọ̀pẹ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Yóò tú igbà kúrò nídìí, yóò fi ewé gbá àwọn oyin tó ti kú sínú ìfófòó kúrò, yóò bu ú fún yín. Ti òwúrọ̀ dùn. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ di ọ̀sán, ẹ ó rí i pé ó ti ń ta lẹ́nu. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Omi igi kan náà ni o. Ẹni tó bá ti fi ahọ́n mọ ìyàtọ̀ yìí, òyìnbó ò lè fi gèésì dẹ́rù bà á. Kò ná yín ju owó ọkọ̀ lọ.

Ọlọ́tí Arákálẹ̀:

Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹmu ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ asun.

Àǹtí mi, ẹ má gbé wáìnì pupa tó le ti asun. Nǹkan kan wà nínú èèpo àti kóró àjàrà pupa, tannin ni wọ́n ń pè é, tó máa ń fún ẹnu pọ̀ bí obì. Bí ata bá bá a níbẹ̀, á korò ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọtí náà bá tún lágbára tó ìdá 14 tàbí 15 nínú 100, á tún dáná sí ata lára ni. Ẹ béèrè Chenin Blanc tó tutù, tí wọ́n fi adùn díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Òun ni àjàrà funfun tí wọ́n ń gbìn jù ní South Africa, ẹ ò ní wá a tì. Bí oníbàárà bá ta kú lórí pupa, Pinotage tó fúyẹ́ ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì díẹ̀. Ọmọ ibẹ̀ lòun náà: Abraham Perold ló fi irú àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut, bí i ní Stellenbosch ní 1925.

Bí mo bá jẹ́ yín, mà á ṣe asun nílé ìyàwó, n ó bu ìwọ̀nba sínú ike, n ó sì béèrè lọ́wọ́ onílé ọgbà kékeré yẹn bóyá mo lè gbé e wá. Nílé ìyàwó níbẹ̀ ni mo wí o, ẹ má gbé ẹran láti Àkúrẹ́, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfúrufú.

Ìyá Alásun:

Háà! Ọ̀rọ̀ ike yìí ló wọ̀ mí lára jù. Mo ti kọ̀wé sí ọgbà mẹ́ta láàárọ̀ yìí. Ọ̀kan ti fèsì pé kí n gbé e bọ̀, àmọ́ kí n jẹ́ kí àwọn mọ bí ata ṣe pọ̀ tó. Mo ní yóò pọ̀. Bàbá wa ní kí n béèrè bóyá wọ́n máa ń bu omi àjàrà yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ Òkè Ìdànrè, mo gbọ́ pé garawa kan máa ń wà lórí tábìlì. Kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Ṣé mo sì lè di ìgò bíi méjì bọ̀ wálé?

Ọmọ Òkè Ìdànrè:

Inú rẹ̀ ni wọ́n ń tu ọtí sí, mà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yí i lẹ́nu. Kì í ṣe àrífín rárá, ẹni tó bá fẹ́ tọ́ mẹ́fà wò kí orí rẹ̀ sì pé gbọ́dọ̀ tu ú. Ní ti ìgò, inú àpótí tí ẹ máa fà lé wọn lọ́wọ́ ni kó wà. Ohun olómi tó bá ju 100 mílílítà lọ, wọn kì í jẹ́ kó bá èèyàn wọ inú bàálù. Ẹ fi aṣọ òkè tí ẹ bá wọ̀ síbi ìyàwó wé e, kí ẹ kó bàtà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.