Dírílì tí ò gbé ẹ́ẹ̀tì, ṣé ká kó o dànù ni?

Ọmọ Sáìtì: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí n máa tẹ́ẹ̀sì àwọn irinṣẹ́ oníná tó wà ní sáìtì wa, dírílì, gíráńdà, ẹ̀kíténṣọ̀n, gbogbo ẹ̀. Mo fi mítà wo ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sílẹ̀, lára dírílì mẹ́ta, kò sí èyí tó gbé nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń yí dáadáa. Ẹnì kan ní kí n kó wọn dànù, ẹlòmíì ní tó bá ṣáà ti ń yí kí n lẹ sítíkà mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́ èwo ni kí n ṣe, mi ò fẹ́ kí iná gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Alágbà Wáyà: Àbúrò, má tíì kó nǹkan kan dànù. Wo ibi tí wọ́n kọ fólítéèjì sí lára ẹ̀, tó o bá rí àmì onígun mẹ́rin kékeré nínú onígun mẹ́rin ńlá, Class II nìyẹn, wọn ò fi ẹ́ẹ̀tì sí i látilẹ̀, ìdáàbòbò onípele méjì ni wọ́n fi ya iná sọ́tọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú, kí lo wá fẹ́ fi mítà wá níbẹ̀? Insulation, ìyẹn ìdáàbòbò tó ya iná sọ́tọ̀ yẹn, ni kó o tẹ́ẹ̀sì, fi mítà náà sí 500V DC, so wáyà iná àti níútírà pọ̀ mọ́ ẹnu mítà kan, fi ẹnu mítà kejì kan irin tó ń di bíìtì mú, kò gbọdọ̀ dín ní 2 megohm (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná tó nìyẹn). Class I tó ní ẹ́ẹ̀tì, kó má dín ní 1 megohm. Àti o, tẹ súìṣì dírílì yẹn mọ́lẹ̀ ní gbogbo àsìkò tó o bá ń tẹ́ẹ̀sì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnu súìṣì lo máa tẹ́ẹ̀sì mọ, mítà á ní ó dáa nígbà tí o ò tíì dé ọ̀dọ̀ mọ́tò rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í ṣe èyí, ó sì ń dùn mí.

Tẹ́sítà Obìnrin: Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ojú ló yẹ kó kọ́kọ́ tẹ́ẹ̀sì, torí ojú ló ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń bàjẹ́. Wáyà tó ti yọ kúrò lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, èyí tí wọ́n fi téèpù dì, ibi tó ti jó dúdú. Gíráńdà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù, eruku irin máa ń gba ojú ihò afẹ́fẹ́ wọlé lọ kóra jọ, insulation ẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kíténṣọ̀n tó wà lórí róòlù, ẹ tú u tán kẹ́ ẹ tó so ẹrù ńlá mọ́ ọn, tó bá ká jọ ó máa gbóná. RCD 30 mA náà, ẹ̀rọ tó ń gé iná tó bá ń jò, ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Sítíkà ò sọ ju pé ó dáa lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Sáìtì: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti wò ó, méjì ní àmì yẹn, ìkẹta ò ní, ara ẹ̀ irin ni, púlọ́ọ̀gì ẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Alágbà Wáyà: Gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn nísinsìnyí! Class I ni, ẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti já, tí wáyà iná bá fi lè kan ara irin yẹn ọwọ́ ẹni tó dì í mú niná máa gbà kọjá. Tú púlọ́ọ̀gì, wo wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò bóyá ó ti yọ, tí kì í bá ṣe ibẹ̀ pààrọ̀ wáyà náà látòkè délẹ̀, kó o wá tún un tẹ́ẹ̀sì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.