Láti Sèmè wọ Kútọnu pẹ̀lú mọ́tò ara ẹni: níbo ni òfin ojú pópó wọn ti yàtọ̀ sí tiwa?

Arìnnàkore béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mọ́tò ara ẹni ni mo fẹ́ gbé láti Abẹ́òkúta, kí n gba bodè Sèmè lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá péré. Nọ́ńbà Ògùn ló wà lára mọ́tò, orúkọ ìyàwó mi ló sì wà lórí ìwé rẹ̀. Ìwé wo ni wọn yóò béèrè ní bodè? Ṣé láísẹ́ǹsì Nàìjíríà tó lọ́hùn-ún? Mo mọ̀ pé apá ọ̀tún ni àwa àtàwọn jọ ń gbà, àmọ́ mo fẹ́ mọ ibi tí òfin wọn ti yàtọ̀, kí n má baà ṣẹ̀ láìmọ̀.

Aṣọ́nà Àgbádárìgì:

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, ẹ̀gbọ́n. Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ tò, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gba mọ́tò ara ẹni láàyè láti lo 90 ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè ECOWAS mìíràn. Ti akérò àti akẹ́rù, ọjọ́ 15 ni. Ohun tí àdéhùn náà béèrè ni láísẹ́ǹsì tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, ìwé mọ́tò, ìnṣọ́ránsì tí orílẹ̀-èdè méjèèjì mọ̀, àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Nítorí náà, láísẹ́ǹsì Nàìjíríà tó. Káàdì gan-an ni kí ẹ mú dání, ẹ má gbé bébà onígbà díẹ̀ tí Road Safety ń fún ni kí káàdì tó jáde lọ. Ọlọ́pàá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní mọ ohun tí bébà yẹn jẹ́.

Ti ìnṣọ́ránsì: third party tí à ń rà ní 15,000 náírà fún mọ́tò ara ẹni láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ilé nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn bodè, Brown Card ECOWAS ni, ìyẹn káàdì ìnṣọ́ránsì tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS jọ mọ̀. Kútọnu gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 29 oṣù Karùn-ún 1982. Ilé iṣẹ́ tó ta ìnṣọ́ránsì ilé fún yín ni kí ẹ lọ bá kó tó di ọjọ́ ìrìnàjò. Bí wọ́n bá ti fún yín, ẹ jókòó kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà mọ́tò, nọ́ńbà ṣáṣí, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Nọ́ńbà ṣáṣí ni wọ́n sábà máa ń ṣì kọ, bí lẹ́tà kan bá sì yàtọ̀ sí ti ara mọ́tò, ọjọ́ ìjàǹbá lẹ máa mọ̀ pé ẹ ò ní ìnṣọ́ránsì.

Torí pé orúkọ yín kọ́ ló wà lórí ìwé mọ́tò, kí ìyàwó yín kọ ìwé àṣẹ: orúkọ tirẹ̀ àti tiyín, nọ́ńbà mọ́tò àti ti ṣáṣí, ìlú tí ẹ ń lọ, iye ọjọ́. Kó fọwọ́ sí i, kí ẹ so fọ́tókọ́pì káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ búra sí i ní kóòtù, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan tú u sí Faransé. Láìsí ìwé yìí, kí ni yóò fi hàn wọ́n pé ẹ ò jí mọ́tò?

Ní ẹ̀gbẹ́ Bẹ̀nẹ̀, ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù ni kí ẹ yà sí, kí ẹ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní passavant. Òun ló ń sọ pé mọ́tò yín wọlé fún ìgbà díẹ̀, kì í ṣe fún títà. Ẹ wo iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i kí ẹ tó kúrò níwájú kàǹtà. Bí ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n kọ, ọjọ́ mẹ́ta náà lẹ ní, ohun yòówù kí ẹ ti sọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń padà, torí bí kò bá padà, lójú ìwé, mọ́tò yín ṣì wà lọ́dọ̀ wọn.

Ará Kétu:

Aṣọ́nà ti sọ ti ìwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú ọ̀nà.

Ìyàtọ̀ tó léwu jù ni ti oríta. Òfin Faransé ni Bẹ̀nẹ̀ ń tẹ̀ lé: níbi tí kò bá ti sí iná, tí kò sí àmì kankan, ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún yín ló kọ́kọ́ ń kọjá. Kò sí ọ̀rọ̀ pé ọ̀nà tiyín fẹ̀ jù tàbí pé eruku ni ọ̀nà tirẹ̀. Ọlọ́kadà lè jáde láti àdúgbò lọ́wọ́ ọ̀tún láìwo ẹ̀gbẹ́ rárá, torí ó mọ̀ pé ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ dúró. Àwa níhìn-ín, ẹni tó wà lójú títì ńlá ló máa ń rò pé òun ló ni ọ̀nà. Bí ẹ bá gbé ìyẹn lọ sí Àjàṣẹ́, ẹ ó gbá èèyàn, ẹ̀bi yóò sì jẹ́ tiyín.

Ráńdábáòtù wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Ní Nàìjíríà, ẹni tó ti wà nínú rẹ̀, tó ń bọ̀ lọ́wọ́ òsì yín, lẹ ń dúró dè. Lọ́hùn-ún, ẹ wo ẹnu ọ̀nà: bí àmì onígun mẹ́ta tó dorí kodò bá wà, tí wọ́n kọ « Cédez le passage » sí, ẹ dúró bíi ti ilé. Bí kò bá sí àmì, òfin ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń wọlé bọ̀ ló ni ọ̀nà. Níbi tó tóbi bí Étoile Rouge ní Kútọnu, ẹ rọra, kí ẹ má sì yí ọ̀nà padà lójijì, ọ̀kadà á ti wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yín.

Ọ̀pọ̀ títì ńlá ní Kútọnu ló ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún ọ̀kadà létí. Mọ́tò kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, bó ti wù kí gosílóò pọ̀ tó. Ohun tí àlejò kì í rántí ni pé bí ẹ bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ọ̀nà yẹn lẹ máa dá kọjá. Ẹ tan tíráfíkétọ̀ kó tó di pé ẹ dé ibẹ̀, ẹ wo dígí ọ̀tún, ẹ tún yíjú wò, kí ẹ jẹ́ kí àwọn zémidjan, ìyẹn ọlọ́kadà akérò wọn, kọjá tán.

Eré: Nàìjíríà fún mọ́tò ara ẹni ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan nínú ìlú, 80 lójú títì, 100 lórí ẹsipírẹ́sì. Nínú ìlú ní Bẹ̀nẹ̀, 50 náà ni, àmọ́ pátákó orúkọ ìlú ni òfin fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kò ní kọ 50 kankan sí i. Bí ẹ bá ti rí orúkọ ìlú, ẹ ti wọ 50, títí ẹ ó fi rí orúkọ kan náà tí wọ́n fa ìlà pupa lé.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa rí lára pátákó: « Sens interdit », ẹ má wọlé. « Déviation », ẹ yà. « Ralentir », ẹ dín eré kù. « Péage » ni tóògéètì, ọ̀kan wà ní Ekpè láàárín Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Ẹ ní ṣéńjì sẹ́fà, owó tiwọn, lọ́wọ́.

Arìnnàkore:

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á sanwó. Bí ìjàǹbá bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi náà fẹ́ bá mi padà wá sí Èkó pẹ̀lú mọ́tò tirẹ̀, nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀.

Aṣọ́nà Àgbádárìgì:

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ má gbé mọ́tò kúrò títí ọlọ́pàá yóò fi dé wọ̀n ọ́n. Ẹ fi C-caution sẹ́yìn, ẹ ya fọ́tò. Police Républicaine ni ẹ ó máa rí, wọ́n ti pa ọlọ́pàá àti jàǹdámù pọ̀ láti oṣù Kìíní 2018. Ẹ fi Brown Card hàn wọ́n, kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ìjábọ̀, kí ẹ sì rí i pé ọ́fíìsì Brown Card ti Bẹ̀nẹ̀ gbọ́, torí àwọn ló ń bójú tó o ní orúkọ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín. Òfin Bẹ̀nẹ̀ ni wọn yóò fi ṣírò owó. Ẹni tí ẹ gbá nìkan ni káàdì náà ń sanwó fún, títún mọ́tò tiyín ṣe kò sí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó ìtanràn fún ẹ̀ṣẹ̀ kan, ẹ béèrè quittance, ìyẹn rìsíìtì ìjọba.

Ará Kétu:

Ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín: carte grise (ìwé mọ́tò), láísẹ́ǹsì àti Brown Card tirẹ̀ ni kó mú. Nàìjíríà ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti orí ilẹ̀ láti 1 oṣù Kìíní 2017, nítorí náà gbogbo kọ́sítọ́ọ̀mù ọ̀nà Àgbádárìgì ni yóò fẹ́ mọ̀ bóyá títà ló gbé e wá. Kó gba ìwé ìwọlé fún ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ní Sèmè, kó sì fi í sítòsí ọwọ́. Kó má kó àpò ìrẹsì òkèèrè sínú búùtù.

Bí gíláàsì rẹ̀ bá dúdú, òfin Nàìjíríà ti 1991 ní kó gba àṣẹ ọlọ́pàá. Ó rọrùn kó kúkú bó rọ́bà dúdú náà kúrò.

Ní Èkó, kó jìnnà sí ọ̀nà BRT tó jẹ́ ti bọ́ọ̀sì ńlá, kó má sì gba wọ́n-wéè láé. Mọ́tò tí wọ́n bá mú níbẹ̀, kóòtù lè gbẹ́sẹ̀ lé e pátápátá, kí wọ́n sì lù ú ní gbàǹjo. Kó sì rántí pé ní ráńdábáòtù tiwa, ọwọ́ òsì ló ní láti máa wò.