Ọmọ ìwé bi mí ní ìbéèrè lórí pínpín ìdá, mi ò rí i dáhùn

Tíṣà Ìkéré:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Kíláàsì karùn-ún ni mò ń kọ́ ní Ìkéré-Èkìtì. Lánàá, mo kọ 6 ÷ 3/4 sójú pátákó. Kíá, wọ́n ti yí 3/4 sódì di 4/3, wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po, wọ́n rí 8. Ni ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé bá nawọ́: “Mà, a pín 6, ó tún wá ju 6 lọ?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni òfin rẹ̀ rí. Ìdáhùn yẹn ò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀?

Màmá Tíṣà, Ìjerò:
Ọmọ mi, ìbéèrè gidi nìyẹn, má jẹ́ kó kú. Gbé gàárì wọ kíláàsì. Ká ní kóńgò mẹ́fà la ní, tí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kóńgò, ọ̀rá mélòó la máa dì? Wá ife tí mẹ́rin rẹ̀ kún kóńgò kan. Kóńgò mẹ́fà á jẹ́ ife 24. Ibi tí 4 ti wọlé nìyẹn. Ọ̀rá kan ń gba ife mẹ́ta, 24 ní mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀rá 8. Ìyísódì tí wọ́n ń há sórí kò ju ìyẹn lọ. Kí wọ́n fi rúlà gé orí ife o. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n kó yọrí bíi tọjà, iye ò ní pé.

Olùkọ́ Adó:
Ìlọ́po ló ń da tèmi láàmú. 1/2 × 3/4, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Mi ò ka àmì yẹn ní “lọ́nà” mọ́, “ẹ mú ìdajì 3/4 wá” ni mò ń wí. Wọ́n á ṣẹ́ bébà sí mẹ́rin, wọ́n á kun mẹ́ta, wọ́n á tún ṣẹ́ ẹ sí méjì níbùú. Ojú mẹ́jọ ló máa ń yọ, mẹ́ta tó ní ọ̀dà lápá kan: 3/8.

Tíṣà Ìkéré:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Kóńgò mẹ́ta lagbára mi ká láàárọ̀ yìí: ife 12, ọ̀rá 4. Ọmọ yẹn ló wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọ̀rá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní: “Mà, bí ọ̀rá bá tún kéré sí i, á tún pọ̀ ju báyìí lọ!” Mi ò tíì sọ ìyẹn fún wọn rí.